Páálí Funfun Tó Wà Nínú Àkẹtẹ̀ Mi

Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi kí ẹlòmíràn tó bá mi tú u. Lọ́dún 1953, tí mo ti di ìyá àgbà, tí eyín méjì ti kán lẹ́nu mi, tí ìdí mi ò gba ẹnu ọ̀nà kéékèèké mọ́, mo ní mo fẹ́ dé àkẹtẹ̀ ńlá lọ síbi Ìkórè bí ìyàwó lọ́yà. Etí àkẹtẹ̀ náà ti rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ohun tí mo fi gbé e dúró ni mo fi pa mọ́ fọ́dún mẹ́fà. Ó ti sú mi í gbé kiri.

Adéjìmí ọkọ mi ló ń fi fọ́tò sínú férémù ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Sabina, obìnrin Ìlàjẹ tó ń yan ẹja ní Bàrígà, tí a ń pè ní Ìyá Ikúmápàyí, gbé fọ́tò kan wá fún un. Ikúmápàyí náà ló wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ tí ọ̀sà gbé lọ. Kò ní fọ́tò rẹ̀ mìíràn. Ọkọ mi ní, "Páálí tí wọ́n fi òwú ṣe nìkan ló yẹ èyí. Páálí lásán á pọ́n, á kó àwọ̀ rẹ̀ ran fọ́tò. A ò sì ní lẹ̀ ẹ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ la ó fi pépà há." Ẹyọ kan ló kù nínú páálí náà. Ọkọ mi ń lọ sìnkú n'Íjẹ̀bú, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. "Mo ti kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Má fi ṣe nǹkan mìíràn o."

Mo ní mo ti gbọ́. Kò tíì dé ibùdókọ̀ tí mo fi ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Mo ki í bọ etí àkẹtẹ̀, ó dúró ṣánṣán. Páálí ọṣẹ ni mo fi sẹ́yìn fọ́tò ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀kọ ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo wá fi pépà bo ẹ̀yìn rẹ̀, olè tó mọṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìkórè, òjò ká mi mọ́ Palmgrove, àkẹtẹ̀ wó bò mí lójú bí ewé kókò, mo fi orí sọ ògiri.

Ibẹ̀ lẹ̀rín parí sí. Kò pé ọdún kan tí Ìyá Ikúmápàyí gbé férémù padà wá. Fọ́tò ti pọ́n bí omi tíì. Aáyán tó wá jẹ ẹ̀kọ ti bá a jẹ etí ọmọ náà kan. Ọkọ mi fẹ́ tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Mo já a gbà. "Kí lẹ fẹ́ tú? Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni? Inú èéfín ẹja ni wọ́n gbé e kọ́ sí."

Obìnrin náà wò mí. "Ṣé èmi ni mo ba ojú ọmọ mi jẹ́?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni."

Láti ọjọ́ náà ló ti pa iná ẹja rẹ̀. Ẹja tútù ló ń tà, ìdajì ń rà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi aṣọ we férémù, ó tì í mọ́ inú àpótí, kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀ mọ́. Èmi yìí kan náà ló ń kí i pé ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ wo ẹnu mi.

Lọ́dún 1959 yìí, ibà dá mi dùbúlẹ̀, ẹ̀rù bà mí pé n ó gbé e lọ sọ́run. Bí mo ṣe dìde, mo jẹ́wọ́ fún ọkọ mi.  Ọ̀bẹ rẹ̀ àti páálí òwú tuntun ló mú, mo tẹ̀lé e, ó di Bàrígà. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Ikúmápàyí, orúnkún mi ń ró kà kà kà. Láti orí àkẹtẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, n ò fo nǹkan kan. Ó gbé àpótí jáde. Ọkọ mi tú ẹ̀yìn férémù, páálí ọṣẹ yọjú, ó fi omi rẹ ẹ̀kọ náà títí fọ́tò fi ṣí kúrò. Etí kan ti lọ. Ojú ọmọ náà wà pé. Mo sunkún títí ikun fi dé àgbọ̀n mi, ara mi sì fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ba nǹkan onínǹkan jẹ́, ẹ tètè wí i kí aáyán tó débẹ̀.

Mo ní, "Ẹ foríjì mí, Ìyá Ikúmápàyí."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí àga, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló lọ síbi ààrò tó ti pa láti ọjọ́ yìí, ó ki igi sí i, ó fọ́nná. Nígbà tí èéfín gòkè, ó kọjú sí mi.

"Àkẹtẹ̀ yẹn," ló wí, "ṣé ó tilẹ̀ yẹ yín?"