Òṣèré Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Jókòó

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti ìlú Decatur ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjèèjì dúró, bẹ́ẹ̀ àga ṣófo níwájú wọn.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, kí èmi náà lè jókòó," àbúrò nínú wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè dìde mọ́. Máa bá ìtàn ẹ lọ."

"Òṣèrébìnrin aláwàdà kan ni, ará Kerala ní Íńdíà. Àwọn nọ́ọ̀sì Kerala tá a jọ ń ṣe shift ló fi àwọn fíìmù tó ṣe ní Malayalam, èdè wọn, hàn mí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló máa ń ṣe. Á gbé tíì wọlé, á dúró máa gbọ́ òfófó àwọn ọ̀gá ẹ̀, á wá da tíì sí àlejò lára. Mi ò gbọ́ èdè náà o, ojú obìnrin yẹn nìkan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín."

"Kò ṣe ìyá ilé rí?"

"Wọn ò jẹ́ kó jókòó rí, Aunty. Títí orí ẹ̀ fi funfun."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi gan-an nìyẹn."

"Àfi fíìmù tó ṣe kẹ́yìn. Ó ṣe ìyá àgbà, ó jókòó, ẹlòmíì gbé tíì wá fún un. Ó kàn ń wo ife yẹn bí ẹni pé wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo wa sunkún ní break room."

Ẹ̀gbọ́n wo àga tó ṣófo náà. "Ṣé ó mu tíì náà?"

"Ẹ jókòó ná."

Ó jókòó. Àbúrò náà jókòó tì í.

"Ó mu ún, Aunty. Kò kánjú rárá."