Tòyìnbó Kì Í Ṣẹ

Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń lọ sí Ìgbògbò. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń bá a ṣọ́ kòtò ẹja ló jókòó tì mí.

"Àgbàrá ń bọ̀ wá wọ kòtò, o ò sọ fún mi!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo pè yín. Mo ní ó ti síríọ́ọ̀sì."

"Iyọ̀ tán nílé, síríọ́ọ̀sì. O bá ìyálé ẹ jà, síríọ́ọ̀sì. Mo bá rọra jẹ ẹ̀bà mi tán! Ṣé o ò lè sọ pé omi fẹ́ gbé ẹja lọ ni?"

"Kí n fẹnu ara mi sọ láburú, kó wá ṣẹ? Tòyìnbó kì í ṣẹ, bọ̀ọ̀dá mi."

Tòyìnbó kì í ṣẹ! Èmi tí mo gbọ́n tó báyìí, n kò ronú kàn án rí.

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Báwo ló wá ṣe rí báyìí?"

"Ó tẹ́ríbù, bọ̀ọ̀dá mi."

"Sọ ọ́ ní Yorùbá!"

Ó wolẹ̀. "Ẹja àrọ̀ irinwó ló lọ. Àwọ̀n méjì. Ẹsẹ̀ bàtà yín kan."