Ìdáhùn Àárọ̀ Ni Kọ̀ǹpútà Mi Fún Un Lọ́sàn-án

Mátírọ́nì Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ọmọ Bàbá Ilésanmí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ má bu omi fún mi o, n ò tíì yẹ lẹ́ni à ń ṣe lálejò. Ó pé oṣù mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Bí n kò bá sọ ọ́ lónìí, ní Ọjọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ Monínúọlá tó jókòó lẹ́yìn yẹn, kò sì ṣẹ̀ wọ́n. Èmi Ọlátúbọ̀sún tí mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àdúgbò Adébáyọ̀, èmi ni mo jẹ̀bi ikú Bàbá Ilésanmí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi òwe bò ó.

Lọ́dún tó kọjá, 1998, ni ẹ pè mí wá to kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn yìí. Àkọsílẹ̀ gbogbo aláìsàn wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tí ẹ tì mọ́ yàrá ẹ̀yìn, Mátírọ́nì nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Mo wá gbé kékeré kan síwájú rẹ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní pírọ́sì. Ẹni tó bá jókòó ní wọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà iwájú ni yóò bi ní ìbéèrè. Ti iwájú á lọ béèrè lọ́wọ́ ti ẹ̀yìn, á gbé ìdáhùn wá, bí ìgbà tí èèyàn rán ìránṣẹ́ ààfin sí ọba. Iṣẹ́ náà dára. Ọ̀rọ̀ iná ni mo fi bà á jẹ́. Ẹ ṣáà mọ iná Adó wa. Bí wọ́n bá ti mú un báyìí, kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn á kú, nítorí bátìrì tí a ní kò lè gbé ju ti iwájú lọ. Ni mo bá pàṣẹ fún ti iwájú pé ìdáhùn yòówù tó bá gbà, kó tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ fún ọjọ́ kan gbáko, kó sì máa fi í dá èèyàn lóhùn. Ó yẹ kí n ní ìgbà tí iná bá lọ nìkan ni kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. N kò ṣe é. Kọ̀ǹpútà ń yára, gbogbo yín ń kí mi kú iṣẹ́, Mátírọ́nì ń pè mí ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, orí mi sì ń wú. Mo mọ̀ pé ìránṣẹ́ tí kò padà dé ọ̀dọ̀ ọba, ọ̀rọ̀ àná ni yóò máa jẹ́. Mo ní màá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀lẹ lásán! Èmi yìí náà ni mo tún ní kí ẹ yọ bébà pupa ìkìlọ̀ oògùn tí ẹ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, pé ti ayé àtijọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta, Bàbá Ilésanmí fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni dókítà kọ abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì fún un. Oògùn náà ti tán, wọ́n ní yóò dé lọ́sàn-án. Wọ́n ṣí ojú ewé Bàbá ní wọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà iwájú sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ìyàwó rẹ̀ rántí pé pẹnisílíìnì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí. Mátírọ́nì wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ ìkìlọ̀ sí i, wọ́n sì pààrọ̀ oògùn. Ìyá lọ sílé lọ gbé oúnjẹ. Aago méjì, Monínúọlá gba iṣẹ́, ó ṣí ojú ewé náà, ti àárọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi gbé fún un. Pẹnisílíìnì ti dé, ó sì fà á sínú abẹ́rẹ́. Bàbá tilẹ̀ ń bá a ṣàwàdà: “Nọ́ọ̀sì, gún un kíá, kí n máa lọ ulé mi.” Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọ̀fun rẹ̀ fi wú dí. Dókítà ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Bàbá kú.

Mo wà nínú ọgbà yìí lọ́jọ́ náà, mò ń so wáyà. Bí mo ṣe gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo ti mọ̀. Bí ẹ ṣe ń sunkún lọ́wọ́ ni mo wọlé, mo pa gbogbo ẹ̀dà tó wà nínú kọ̀ǹpútà iwájú rẹ́. Mo jáde, mo ní, “Mátírọ́nì, ẹ wá wò ó.” Ti iwájú lọ bi ti ẹ̀yìn, ìkìlọ̀ náà sì yọ gbàgàdà. Monínúọlá figbe ta: “Kò sí níbẹ̀! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, kò sí níbẹ̀!” Mátírọ́nì ní, “Ṣé ojú èmi ló wá ń ṣe mí ni?” Èmi ọ̀dájú dúró, mò ń mi orí bí aláàánú. Lọ́jọ́ kejì ni mo tún kọ̀ǹpútà náà ṣe bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.

Ẹ rò pé ìyẹn ló burú jù? Rárá o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti lé Monínúọlá níṣẹ́, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Bọ̀dá Túbọ̀sún, ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan yìí. Ṣé kọ̀ǹpútà lè fi ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́ fún èèyàn?” Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, “Àbúrò mi, kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ó ti rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn ni.” Ó wá ní, “Ẹ ṣé, sà.” Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Ní Sátidé tó kọjá mo rí i ní Ọjà Ọba. Ó ra oògùn ibà fún ìyá rẹ̀, ó wá na páálí rẹ̀ sí ìyá aláṣọ kan: “Mà, ẹ bá mi ka ohun tó wà lára ẹ̀. Mi ò gba ojú ara mi gbọ́ mọ́.” Nọ́ọ̀sì ọdún mọ́kànlá! Mo gba ẹ̀yìn ìsọ̀ sá lọ, ó di ọ̀dọ̀ Fadá. Fadá ní ibi tí mo ti parọ́ ni kí n lọ sọ òtítọ́.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo ti fọwọ́ sí i. Mátírọ́nì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ mú un dé iwájú ìgbìmọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bí ọlọ́pàá bá ní kí n wá, n ò ní sá. Ẹ̀yin ọmọ Bàbá, mo bẹ̀ yín, n kò sì ní kí ẹ gbà á lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn tó ń yìn yín ò mọ ibi tí ẹ fi sílẹ̀ láìtún ṣe. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un ṣe lónìí. Monínúọlá, jọ̀ọ́, gbójú sókè. Kò rẹ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. O ò ṣì í kà. Ohun tí o rí gan-an ló wà níbẹ̀.