Ọwọ́ Òsì Rúùtù

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, nígbà tí àlùfáà bá ń ka ìwé yìí sí yín létí, ó ṣeé ṣe kí n má lè dìde lórí ibùsùn mi mọ́. Kíndìnrín mi méjèèjì ti ń kọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó wúwo ju àìsàn lọ, n kò sì fẹ́ gbé e wọ inú ilẹ̀ Èsìẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí ahọ́n mi ṣì ń yí.

Gbogbo yín lẹ mọ Rúùtù, tó fi ọdún mẹ́sàn-án tẹ dùùrù fún wa, tó wá jáwọ́ lójijì. Àwọn kan nínú yín ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ọkọ rẹ̀ ló dá a dúró. Èmi mọ òótọ́, mo sì dákẹ́. Èmi Ọlábọ̀wálé ni mo ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, láì fi ìka kàn án.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni láti ya àwòrán inú ara. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n gbé ẹ̀rọ òòfà tuntun wá sí ilé ìwòsàn wa. Òòfà náà lágbára débi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ wọ yàrá rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ débi pé ènìyàn lè rí iṣan tó tín-ín-rín bí òwú nínú ọrùn ọwọ́. Àwọn dókítà kan wá láti òkèèrè, wọ́n fẹ́ ṣe ìwé àwòrán ọrùn ọwọ́ àwọn ènìyàn wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ogún ènìyàn ni wọ́n ní kí n wá. Ẹni tí ọwọ́ ń dùn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní orúkọ mi yóò wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará, orúkọ yẹn ni mo fẹ́. Mo máa ń dá nìkan pè é sókè nínú ilé, bí ẹni ń kọ́ orin tuntun.

Mo rí mọ́kàndínlógún. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí àwọn dókítà náà padà wá gba àwòrán, mo bẹ Rúùtù lẹ́yìn ìdánrawò orin. Mo bi í bóyá ọwọ́ ń dùn ún. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ó máa ń ro mí díẹ̀ bí mo bá gúnyán tán o.” Mo rẹ́rìn-ín. “Ta ló gúnyán rí tí ọwọ́ ò dùn? Iyán tìrẹ kì í ní kókó rárá, o wá fẹ́ kó má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ?” Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ kò dùn ún.

Ó dojú bolẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́. Salaudeen tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́; nínú irú àwòrán yìí, funfun ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Méje funfun. Ọ̀kan láàrin wọn dúdú bí èédú. Salaudeen ní, “Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ò dé egungun yìí mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi han dókítà.” Mo ní, “Ọ̀la ni àwọn àlejò ń bọ̀. Níbo la ti fẹ́ rí ẹlòmíràn?” Ó ní, “Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run, Ọ̀gá.” Èmi tí mo ń kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, Mùsùlùmí ló ń kìlọ̀ fún mi! Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àwòrán ọwọ́ tèmi wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí a fi dán ẹ̀rọ wò nígbà tó dé. Òun ni mo fi sí abẹ́ orúkọ Rúùtù.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ó wá bá mi, ó fi aṣọ wé ọrùn ọwọ́. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan kan nínú àwòrán ọjọ́ yẹn? Mi ò lè di ọmọ odó mú mọ́.” Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi, mo tì í. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo fi ọwọ́ ara mi hàn án. Mo ní, “Wò ó, ọwọ́ rẹ nìyí. Gbogbo rẹ̀ funfun. Lọ máa fi òróró pa á.” Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun ní Ìlọrin, egungun náà ti fọ́. Wọ́n ní ká ní ó tètè wá ni.

Ìwé náà jáde. Orúkọ mi wà níbẹ̀. N kò ṣí i rí. Salaudeen fiṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sí Ganmo, kò kí mi mọ́. Ìyàwó mi ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Aago ara ògiri nìkan ló ń fọhùn nínú ilé yìí. Rúùtù nìkan ló ń wá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò gbé oúnjẹ dé, ọ̀tún rẹ̀ á rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi òsì gbé abọ́ fún mi, á sì kúnlẹ̀: “Ẹ má bínú o, Bọ̀ọ̀dá, ọwọ́ òsì ni.” Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹni tó ń tọrọ àforíjì, kí ẹ sì wo ẹni tí à ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ bá rí lára ọmọlàkejì yín, tirẹ̀ ni. Ẹ má fi pamọ́ fún un nítorí orúkọ.

Rúùtù, mo ti ní kí àlùfáà kọ́kọ́ ka ìwé yìí fún ọ nílé, kí o má bàa gbọ́ ọ láàrin èrò. Àwòrán rẹ gan-an wà nínú àpòòwé tó wà lọ́wọ́ àlùfáà. N kò lè pa á rẹ́. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá wá mọ́, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí o bá wá, fi òsì gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́, kí o sì dúró gangan. Èmi ni màá kúnlẹ̀, bí eékún mi bá gbà fún mi.