Òkúta Tí Mo Ní Kì í Rìn

Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ̀mí tó bọ́ lára mi. Dókítà ò fi bò fún mi mọ́ pé àìsàn ọkàn yìí kò ní jẹ́ kí n pẹ́. Èmi Kọ́ládé ni mo parọ́ mọ́ Ummulkulthum, ọmọbìnrin tó bá mi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì mi ní Aké. Iṣẹ́ wa ni láti mọ bí yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ Gíríńláǹdì ṣe ń yára rìn lọ sínú òkun. Sátẹ́láìtì á fi rédà ya ibẹ̀ láti òkè, á tún padà wá yà á, àwa á wá fi àwòrán méjèèjì wéra. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ mú ojú kan tí kì í rìn, ibẹ̀ la ó ti máa wọn ìyókù. Èmi ni mo mú un. Ó rí gbágungbàgun bí àpáta. Àbí ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sábẹ́ àpáta ni ò ní mọ òkúta? Ìgbéraga lásán.

Lọ́jọ́ kan, Ummulkulthum ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibí yìí. Ibi tí ẹ mú yẹn ń rìn. Yìnyín ni, òkúta wẹ́wẹ́ ló kàn bò ó. Gbogbo ìwọ̀n wa ló ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ." Mo wò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ mo ní, "Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló da ìgbì rédà rú. Fi í sílẹ̀." Ọ̀rinrin máa ń dà á rú lóòótọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ mi ṣeé gbọ́. A ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó gbé e fún wa lókè òkun, wọ́n ti ń yìn mí, mi ò sì fẹ́ kí ìyìn náà tán.

Nígbà tí àwọn náà rí àṣìṣe yẹn, wọ́n pè wá lórí fídíò, wọ́n béèrè ẹni tó mú ojú ibẹ̀. Mo ní Ummulkulthum ni. Ó jókòó tì mí o! Mo tún ní mo kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yìí," ó sì kọjá lọ sílé wọn ní Kémta. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà, kò sì rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́.

Látìgbà náà, èmi nìkan ni mo ń jókòó sí ọ́fíìsì yẹn. Àga rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mi ò lè gbé e kúrò, mi ò sì lè wò ó. Nígbà mìíràn, mo máa ń dá sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ta ni mo tún fẹ́ pè wá jókòó tì mí, lẹ́yìn ohun tí mo fi ojú ẹni tó jókòó tì mí rí?

Mo ti jẹ́wọ́ fún àwọn òyìnbó náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ àṣìṣe. Ẹni tó bá sì mọ Ummulkulthum, kó bá mi tọrọ àforíjì. Bí kò bá tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ orúkọ mi, ẹ ṣáà sọ fún un pé ibẹ̀ ń rìn, òun ló sì kọ́kọ́ rí i.