Àwọn Tó Wọ Bàtà Sábẹ́ Aṣọ Funfun

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo mọ òfin ilé yìí. Ẹni tó bá rí ìran, akọ̀wé ni yóò kọ́kọ́ bá a kọ ọ́ sílẹ̀, Bàbá Alàgbà yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ìjọ tó gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi pa òfin náà mọ́. Lónìí mo rú u. Ìran yìí kan Bàbá, ó sì kan èmi náà, nítorí náà ojú gbogbo yín ni màá ti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó ní kí n jókòó.

Gbogbo yín mọ̀ mí. Èmi ni Abígẹ́ẹ̀lì, Màmá Aránṣọ. Sùtánà tó wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ yín, ọwọ́ mi ló ti jáde. Ìsọ̀ mi wà lára àwọn tí ìjọba wó ní ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, nígbà tí wọ́n sọ pé àwọn olórí orílẹ̀-èdè ayé ń bọ̀ wá ṣe ìpàdé ọrọ̀ ajé nílùú wa, pé kò yẹ kí ojú àlejò rí páànù wa tó ti dógùn-ún. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi nìkan ni mo rí gbé jáde. Wọ́n fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ lórí òṣì, wọ́n sì kọ́kọ́ lé àwọn òtòṣì kúrò lójú ọ̀nà.

Bàbá Alàgbà ló ní ká jáde. Níwájú pẹpẹ yìí ló dúró sí. Ó ní ká wọ sùtánà wa, ká má wọ bàtà, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ká máa kọrin lọ títí dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì, kí ẹnikẹ́ni má ju òkúta. Ó ní, "Aṣọ yín ni yóò gbèjà yín." Mo ṣàmín débi pé ohùn mi há.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìwọ́de náà, ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó ní kí n rán ogún sùtánà tuntun, pé àwọn kan ń bọ̀ tí a fẹ́ rì bọmi. N kò bèèrè orúkọ wọn. Ta ni mí tí màá fi bèèrè? Bàbá yìí ló sọ ọmọ mi lórúkọ, òun náà ló sin ọkọ mi. Mo rán aṣọ náà láàárín ọjọ́ mẹ́fà, mo sì ń gbàdúrà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń ká a.

Ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ ìwọ́de. Bàbá Alágogo ló ṣíwájú wa, arúgbó tó ti ń lu agogo ìjọ yìí kí èmi tó dé ibí. Rúùtù, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, di apá rẹ̀ mú nítorí orúnkún tó ń dùn ún. Inú wa dùn, orin wa sì dún. Ìgbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ báńkì ni àwọn géńdé kan já wọ àárín wa láti inú kọ̀rọ̀, wọ́n wọ sùtánà bíi tiwa, ojú lílọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ rírán mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò lu gíláàsì, wọ́n dáná sun táyà, wọ́n wọ inú àwọn ṣọ́ọ̀bù lọ. Mo wo ẹsẹ̀ wọn, bàtà ló wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ ìjọ wa tó máa wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ọmọ ọdún mẹ́ta wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé aṣọ fún wọn gbàgbé láti sọ ìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀rù ìgò tí àwọn fúnra wọn ń fọ́.

Ohun táwọn ọlọ́pàá ń dúró dè nìyẹn. Wọ́n yin tajútajú, gbogbo wa fọ́n ká. Bàbá Alágogo ṣubú, kò sì dìde mọ́. Rúùtù kò sá, ó jókòó ti òkú náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ní ìrọ̀lẹ́, rédíò ní àwọn jàǹdùkú aláṣọ funfun fẹ́ ba ìpàdé àgbáyé jẹ́, pé arúgbó tó kú yẹn ni olórí wọn. Bàbá Alágogo, tó máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agogo kó tó lù ú.

Mo lọ bá Bàbá Alàgbà, mo sọ fún un pé ogún aṣọ tó ní kí n rán ni mo rí lọ́rùn àwọn géńdé náà. Mo rò pé yóò bínú, pé yóò ní ká jọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó ní, "Abígẹ́ẹ̀lì, máa bo àṣírí ilé Ọlọ́run. Ìjọba ti fún wa ní ilẹ̀ orí òkè tí a ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí. Ṣé ìwọ lo máa ní kí wọ́n gbà á padà?" Ẹ̀yin ará, kò tilẹ̀ sẹ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó dùn mí ju ìsọ̀ mi tí wọ́n wó lọ, nítorí n kò fọkàn tán ìjọba rí, ṣùgbọ́n mo fọkàn tán an.

Síbẹ̀ mo dákẹ́. Ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ Rúùtù, tí wọ́n ní ṣé mo mọ àwọn tó fọ́ gíláàsì, mo ní n kò rí nǹkan kan, pé èéfín pọ̀. Rúùtù, ọmọ tó ń pè mí ní Mọ́mì.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gba ààwẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo tẹ́ ẹní sí ilẹ̀ àánú, níbi tí a ti ń gbàdúrà nínú àgbàlá wa, lẹ́bàá ògiri níbi tí ibòji wà, mo ń ka Sáàmù, oorun sì gbé mi lọ láàárín ẹsẹ kan. Mo ṣì ń gbọ́ ìyá kan tó ń gbá àgbàlá. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ ìgbálẹ̀ náà mọ́.

Ọkùnrin kan dúró tì mí. Aṣọ rẹ̀ funfun, kò sì ní ojú rírán kankan. Mo wá a láti ọrùn dé etí aṣọ, iṣẹ́ mi ni, n kò rí i. Eruku wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Dìde, aránṣọ, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn." Mo dìde, a sì ti wà lójú ọ̀nà kan tó gbòòrò.

Ìtura tó wà lójú ọ̀nà náà yà mí lẹ́nu. Òdòdó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n kun gbogbo ògiri. Àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kan ògiri kan tó jó mi. A yà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí ilé ńlá kan tí kò ní òrùlé. Àwọn ènìyàn jókòó yí tábìlì roboto ká, orúkọ oníkálukú wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì gbé páànù gbígbóná sórí, páànù lórí páànù, títí tí ọrùn wọn fi tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń sọ̀rọ̀ nípa tálákà. Bó bá ti sọ gbólóhùn kan tán, ẹnì kan á tún gbé páànù mìíràn lé e lórí. Mo mọ páànù kan níbẹ̀, ọwọ́ mi ni mo fi kọ "ARÁNṢỌ WÀ NÍBÍ" sí i lára.

Mo bi í pé, "Ìgbà wo ni wọ́n máa sọ ọ́ kalẹ̀?"

Ó ní, "Ìgbà tí ẹni tó ni ín bá ní ìsọ̀ tó máa fi bò."

A lọ síwájú. Mo ń wá àwọn alágbèrè, nítorí ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwàásù iná nílé yìí. Wọ́n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kọjá lára wọn kíákíá, ìlà wọn kò sì gùn tó bí mo ṣe rò. Ìlà tó gùn ni tàwọn tó fọ́ gíláàsì onígíláàsì. Àwọn géńdé náà kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lásán, wọ́n ń ṣa àfọ́kù, wọ́n ń tò ó padà sójú fèrèsé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó kẹ́yìn bá ti fẹ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ á tún wó lulẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, ọmọ ènìyàn ni wọ́n. Ọ̀kan gbójú sókè, ó ní, "Màmá, wọ́n ní ẹ̀bùn ni aṣọ náà."

Lẹ́yìn wọn ni àwọn òpùrọ́. Òwú ni wọ́n fi rán ẹnu wọn pa, òwú náà sì ń hù bí irun, wọ́n ń fà á, kò tán. Ibì kan tún wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn tó pa rọ́rọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ jókòó sórí àpótí, abẹ́rẹ́ sì wà lọ́wọ́ oníkálukú. Ara wọn ni wọ́n ń rán lẹ́nu. Kò sí ẹni tó dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Mo ní, "Àwọn wo nìyí?"

Ó ní, "Àwọn tó mọ̀."

Mo ní kó jọ̀ọ́ mú mi kúrò níbẹ̀.

Ó mú mi gun òkè kan. Afẹ́fẹ́ yípadà, mo ń gbọ́ agogo. Ẹ̀yin ará, bí mo bá ní mo lè ṣàlàyé ìlú náà, irọ́ ni màá máa pa, irọ́ sì ti tó lẹ́nu mi. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ẹni tó ń kánjú. Àwọn ìyá tí wọ́n wó ìsọ̀ wọn tí wọ́n sì kú kí wọ́n tó rí òmíràn jókòó lábẹ́ igi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sì sí ẹni tó wọ bàtà.

Bàbá Alágogo wà lẹ́nu ibodè. Orúnkún rẹ̀ kò dùn ún mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Abígẹ́ẹ̀lì ọmọ mi, ara mi ti balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní jàǹdùkú ni mí, àwọn ọmọ-ọmọ mi sì gbọ́ ọ nínú rédíò. Ta ló máa sọ fún wọn pé n kò wọ bàtà lọ́jọ́ náà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wọlé ná, ká jọ sọ ọ́."

Ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Èmi náà wò ó. Bàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ mo fẹ́ bọ́ ọ, kò bọ́, mo fà á, ó lẹ̀ mọ́ mi lára, ó ń gbóná, mo ké pe ọkùnrin aláṣọ funfun náà pé kì í ṣe tèmi, pé èmi kò sọ òkò, èmi kò gba ilẹ̀, aṣọ lásán ni mo rán, mo ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ń gbé mi sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà láìjẹ́ pé mo fẹ́, mo ń sáré, mo ń ṣubú, mo ń dìde, agogo ń jìnnà, títí mo fi tún bá ara mi níbi tó pa rọ́rọ́ yẹn.

Àpótí méjì ṣófo níbẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ Bàbá Alàgbà wà lórí ọ̀kan. Mo mọ̀ ọ́n, èmi ni mo rán aṣọ tó wà lórí rẹ̀. Lórí èkejì, téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ni, ó ní kókó níbi tó ti já tí mo so ó. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ki òwú bọ̀ ọ́.

Mo ní, "Olúwa mi, mi ò tíì kú."

Ọkùnrin náà ní, "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣófo. Lọ."

Ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá tó ń gbá àgbàlá kò tíì dé ìdajì ilẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi, ó wà lásán, mo fọwọ́ pa á títí, mo sì sunkún níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ tán. Ẹ̀yin tó rí ẹsẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo rí i. Ẹ ti ń dákẹ́ nítorí ilẹ̀ orí òkè. Ilé àdúrà tí a bá kọ́ sórí òkú Bàbá Alágogo, ta ló máa lu agogo níbẹ̀? Rúùtù ṣì wà ní àtìmọ́lé lónìí, ó ń jẹ ìyà aṣọ tí èmi rán. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo ń lọ báyìí. Màá sọ iye aṣọ tí mo rán, màá sọ ẹni tó ní kí n rán an, bí wọ́n bá sì fẹ́ tì mí mọ́lé, kí wọ́n tì mí mọ́ ibi tí ọmọ náà wà.

Bàbá, ẹ má bojú wolẹ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ yín bí ọmọ ṣe ń nífẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí. Àyè yín ṣófo níbẹ̀, tèmi náà ṣófo. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kó lè máa ṣófo lọ bẹ́ẹ̀. Bàtà tí a bọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀.