Ìdáhùn Ilmo sí Ìbéèrè Oògùn Ìyá Àgbà

Òótọ́ kan wà tí mo ti jókòó lé lórí láti ọdún mẹ́wàá. Lónìí mo fẹ́ dìde kúrò lórí rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni àwọn oníṣègùn máa la àyà mi níbí ní ìlú Oulu, wọ́n sì ti fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá wọ yàrá yẹn ló ń jáde láàyè. Èmi Sirkka Vuorela, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ni mo ń kọ̀wé sí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yàrá ìbéèrè nílé iṣẹ́ wa báyìí, tẹ́ ẹ ń yan àwọn tó máa bá wa kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó bú mi. Èébú náà tọ́ sí mi.

Ẹ mọ yàrá náà. Pátákó funfun kan, tábìlì kan, ìgò omi tí ẹnikẹ́ni kì í mu. A ó ní kí ọmọ ọlọ́mọ dìde dúró, ká fi bírò lé e lọ́wọ́, kó máa kọ ètò sára pátákó níṣojú àwọn tó ń ṣọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀. Nínú wa, ta ló ń ṣiṣẹ́ ní ìdúró? Ta ni kì í yẹ ìwé wò, tàbí kó bi ẹni tó jókòó tì í? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, bí wọ́n bá sì ní kí n kọ nǹkan sára pátákó yẹn, àfàìmọ̀ kí n má gbàgbé orúkọ ara mi. Síbẹ̀ èmi ni mo kọ àwọn ìbéèrè náà. Èmi ni mo kọ ìdáhùn wọn sínú fáìlì pupa, mo sì gbà pé ohun tí kò bá sí nínú fáìlì yẹn kò sí láyé.

Èyí tó lókìkí jù nínú wọn nìyí: ìyá àgbà kan nílé ìtọ́jú arúgbó ń lo oògùn ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, kọ bí kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ ìgbà tó yẹ kó pe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe gan-an nìyẹn. Ìdáhùn inú fáìlì kò le rárá: ro mẹ́fà mọ́ aago, bó bá kọjá mẹ́rìnlélógún, yọ mẹ́rìnlélógún kúrò. Ọmọ iléèwé á ṣe é lórí ìjókòó, àmọ́ ní ìdúró, mo ti rí àgbàlagbà tó làágùn lé e lórí.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni Ilmo Rautio wọlé wá wá iṣẹ́. Ó ga, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó wọ súwẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Èmi àti Ahti, ọ̀gá wa, la jókòó tì í. Ilmo ka ìbéèrè náà, ó sì dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Mo ti yọ máàkì kúrò nítorí ìdákẹ́ yẹn, torí mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹni tó bá dákẹ́, kò mọ̀ ọ́n. Àwa ará Oulu tí a lè bá ọ̀rẹ́ jókòó nínú sáúnà, yàrá ìwẹ̀ olóoru wa, fún wákàtí kan láìsọ ju gbólóhùn méjì lọ! Mi ò mọ ẹ̀mí tó gùn mí.

Nígbà tó la ẹnu, ó ní, “Ọjọ́ Àìkú tí gbogbo ìlú máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan lóṣù Kẹwàá nítorí ìgbà òtútù ńkọ́? Aago mẹ́rin ìdájí á tún padà di mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ni aago mẹ́ta ààbọ̀ máa ń lù lọ́jọ́ yẹn. Tí oògùn bá bọ́ sí àkókò yẹn, nọ́ọ̀sì á fún ìyá ní méjì láàárín wákàtí kan. Aago ló padà sẹ́yìn, ara ìyá àgbà ò padà.”

Ahti wo fáìlì, ó wò mí. Kò sí nínú fáìlì. Mo sọ fún Ilmo pé ìyẹn kọ́ la bi í. Ó dá mi lóhùn jẹ́ẹ́ pé, “Ohun tí ìyá àgbà máa bi yín nìyẹn.” Ahti bú sẹ́rìn-ín, etí mi sì gbóná. Mo kọ òdo, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: alátakò, kò dáhùn ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, bí àṣà wa, mo bi í bóyá ó ní ìbéèrè fún wa. Ó ní kò sí, ó dúpẹ́ fún kọfí, ó lọ.

Ìgbà tí mo padà sórí tábìlì mi, tí mo ṣí ètò wa wò, ni mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Àṣìṣe ọ̀hún wà níbẹ̀ gbalaja, nínú ilé arúgbó mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ọmọlúàbí ì bá sáré tẹ̀ lé ọkùnrin náà. Èmi tún ètò ṣe fún ọjọ́ méjì, mo sì gbé e lọ fún Ahti bí ẹni tó pa ẹran ńlá. Etí Ahti kì í gba ohun tí kò sí nínú fáìlì, ẹ̀rín tó rín nìkan ló rántí, ó wá bi mí bí mo ṣe rí i. Mo ní inú sáúnà ni ó ti sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n gé kéèkì fún mi lọ́jọ́ Ẹtì, mo sì jẹ ẹ́, ó dùn.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, bóyá Ọlọ́run ì bá fojú fò ó. Àmọ́ mo gbé fáìlì pupa, mo pa ìdáhùn àtijọ́ rẹ́, mo kọ ti Ilmo sí i, títí kan gbólóhùn tó fi parí ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò bá ti mẹ́nu ba aago tó ń padà, ó ti gba òdo. Ṣé ẹ rí ìwà were? Mo lé ẹnì kan torí pé ó mọ̀ ọ́n, mo wá ń lé àwọn yòókù torí pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n títí ẹni tí mo lé fi kọ́ mi.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Ilmo tún kọ̀wé wá béèrè iṣẹ́. Òfin wa ni pé ìbéèrè kan náà la gbọ́dọ̀ bi gbogbo èèyàn, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a ṣe ojúsàájú. Mo ń gbàdúrà pé kó ti gbàgbé. Venla, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ló jókòó dípò Ahti lọ́jọ́ yẹn, òun ló sì ka ìbéèrè náà. Ilmo wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì dáhùn bó ṣe dáhùn lọ́jọ́ kìíní: aago ló padà sẹ́yìn, ara ìyá àgbà ò padà. Ojú Venla yí padà. Ó ní kí Ilmo lọ mu kọfí ná.

“Sirkka, bó ṣe wà nínú fáìlì gẹ́lẹ́ ló ṣe sọ ọ́ yẹn,” ni Venla wí. “Ta ló fi ìdáhùn wa hàn án?”

Ó ṣì rọrùn nígbà yẹn láti sọ òótọ́. Gbólóhùn kan péré ló gbà. Àmọ́ mo ní, ó jọ pé ẹnì kan fún un lóòótọ́.

A pè é padà wọlé. Venla bi í ibi tó ti rí ìdáhùn náà. Ó ní, “Èmi ni mo ni ín. Mo sọ ọ́ nínú yàrá yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ bi Sirkka.” Àwọn méjèèjì kọjú sí mi. Ẹ̀yin ọmọ mi, àyà tí wọ́n fẹ́ là yìí, ọjọ́ yẹn ló ti bàjẹ́. Mo ní, “Mi ò rántí.”

Venla, nítorí àṣà, tún bi í bóyá ó ní ìbéèrè fún wa. Ilmo ní kò sí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde. A kọ “oníjìbìtì” sí orúkọ rẹ̀, ìlú wa sì kéré fún iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ tó bá pe Ahti nípa rẹ̀, ohun tó ń gbọ́ nìyẹn. Kò rí iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ṣe mọ́. Bọ́ọ̀sì ló ń wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé ìdíkọ̀ ìparí. Nígbà tí àwọn èrò sọ̀ tán, mo sún mọ́ ọn, mo sì tú gbogbo rẹ̀ jáde: kéèkì, fáìlì, mi-ò-rántí. Kò bínú, ìyẹn ló sì múnú bí mi jù. Ó ní, “Mo wá ní ìbéèrè fún ọ báyìí, Sirkka. Lọ́jọ́ kìíní, kó o tó kọ òdo yẹn, ṣé o ti mọ̀ pé òótọ́ ni mo sọ?”

Mo dákẹ́. Ó dúró dè mí títí àkókò tó yẹ kó gbéra fi tó, kò yọ máàkì kankan. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó, kí n má bàa ṣubú, ó sì gbé mi padà sí ìgboro.

Ẹ bá mi pa ọ̀rọ̀ burúkú yẹn rẹ́ kúrò lára orúkọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí Ahti ti bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá dáhùn ohun tí kò sí nínú fáìlì yín, ẹ kọ́kọ́ gbé bírò sílẹ̀. Ilmo, bí wọ́n bá ka èyí sí ọ létí, dárí jì mí bó bá rọrùn. Mo kọ ọ́ lókè pé orí tábìlì mi ni mo ti rí i pé òótọ́ lo sọ. Irọ́ ni. Ìdáhùn mi nìyí, bó tilẹ̀ pẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, mo ti mọ̀ kí n tó kọ òdo.